Àwọn ìwé alábàárìn Dungeons & Dragons: Èyí tó wúlò lórí tábìlì, àti èyí tó wà fún pẹpẹ ìwé

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ Dungeons & Dragons mu gan-an. Eré orí tábìlì ni Dungeons & Dragons, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1974, ó sì pé 50 ọdún géérégé ní 2024. Àwọn tó ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti họ, tí etí rẹ̀ ti ká, wọn kò sì ní fi àkísà yẹn ṣe pàṣípààrọ̀ fún ohunkóhun. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń darapọ̀ mọ́ wọn kò ní irú rẹ̀. Ìwé tuntun ni àwọn ń rà, ìwé tuntun náà sì pọ̀ lórí àtẹ lọ jàra. Ìwé òfin wà níbẹ̀, ìwé àwòrán wà níbẹ̀, ìwé ìtàn wà níbẹ̀, kódà, ìwé tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ náwó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: èwo nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni eré náà kò lè ṣeé ṣe láìsí i? Èwo ló jẹ́ àfikún? Èwo ló sì wà fún ẹwà àti ìrántí nìkan? Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé lẹ́sẹẹsẹ rèé. Bí a bá sì ti ń bá àlàyé náà lọ, a ó rí i pé àwọn ìwé alábàárìn yìí kan náà ló gbé eré yìí dé ibi gíga, àwọn náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lulẹ̀ nígbà kan.

IRÚ ERÉ WO NI?

Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà tó jáde ní 1938, kò ní pẹ́ lóye eré yìí. Nínú ìwé náà, ọba rán Àkàrà-Ògùn àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Lángbòdó. Ẹ̀bùn kálukú yàtọ̀: ẹnì kan lágbára, ẹnì kan gbọ́n, ẹnì kan mọ orin kọ, ẹnì kan mọ ọfà ta. Ohun tí apá ẹnì kan kò ká, apá gbogbo wọn á ká a. Irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń ṣe Dungeons & Dragons máa ń rìn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí òǹkọ̀wé kankan tó ti kọ ìtàn náà tán ṣáájú. Àwọn tó jókòó yí tábìlì ká ló ń fẹnu sọ ọ́ bó ṣe ń lọ.

Ẹnì kan láàrin wọn ni yóò ṣe apàlọ́. Dungeon Master ni wọ́n ń pè é. Òun ni yóò sọ ohun tó wà níwájú àwọn arìnrìnàjò: ihò tó ṣókùnkùn, afárá tó ti jẹrà, iwin tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn yòókù, tí wọ́n sábà máa ń tó mẹ́ta sí márùn-ún, ní ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń ṣojú fún. Ẹnì kan lè jẹ́ jagunjagun, ẹnì kan lè jẹ́ onídán, ẹnì kan lè jẹ́ àlùfáà, ẹlòmíì sì lè jẹ́ olè tó mọ àgádágodo ṣí. Kálukú á sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá le, tí kò dáni lójú pé yóò ṣeé ṣe, wọ́n á ju dáìsì. Dáìsì yìí jọ ti lúdò, àmọ́ ojú ogún ni èyí tí wọ́n ń lò jù nínú wọn ní. Bí iye tó já bọ́ bá tó, ó bọ́ sí i. Bí kò bá tó, wàhálà dé.

Kò sí ẹni tó ń fi ẹnì kejì jẹ nínú eré yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iye wákàtí tí wọ́n dá fún un. Ìtàn kan lè gba alẹ́ ọjọ́ kan, òmíràn sì lè gba ọdún mẹ́ta. Níbi tí ọ̀rọ̀ ìwé ti wọ inú rẹ̀ rèé. Nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe eré náà, ìwé ni yóò sọ bí agbára jagunjagun ṣe tó, ohun tí ọfọ̀ onídán lè ṣe, àti iye ọgbẹ́ tí dírágónì lè dá síni lára. Bí kò bá sí ìwé, àríyànjiyàn ni eré náà yóò di.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni eré yìí ti jáde. Gary Gygax àti Dave Arneson ló kọ ọ́. Eré ogun ni àwọn méjèèjì ń ṣe tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń to ère ọmọ ogun kéékèèké sórí tábìlì. Ohun tuntun tí wọ́n mú wá ni pé dípò kí ẹnì kan máa darí odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ẹ̀dá kan ṣoṣo ni yóò máa darí, tí ẹ̀dá náà yóò sì máa dàgbà nínú ìmọ̀ àti agbára bí ìtàn ti ń gorí ìtàn. Ní 1973, Gygax àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Don Kaye dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní TSR. Nígbà tí ọdún 1974 bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dà 1,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta ni, wọ́n kó o sínú páálí kan, 10 dọ́là ni wọ́n sì ń tà á.

Àwọn ìwé mẹ́ta yẹn ò ṣàlàyé tó. Ẹni tó bá rà wọ́n ní láti fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ dí ọ̀pọ̀ àlàfo. Ohun tó mú kí ìwé alábàárìn di dandan nìyẹn. Ní 1975, èyí àkọ́kọ́ jáde, Greyhawk ni orúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni olè ti kọ́kọ́ di ọ̀kan lára irú ẹ̀dá-ìtàn tí èèyàn lè yàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ajagun mímọ́ tí wọ́n ń pè ní paladin. Blackmoor tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà, lẹ́yìn náà ni Eldritch Wizardry àti Gods, Demi-Gods & Heroes jáde ní 1976. Ọdún 1976 yẹn náà ni ìwé ìròyìn The Dragon bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, Gygax kó òfin tó ti fọ́n káàkiri jọ, ó sì sọ ọ́ di ìwé ńláńlá mẹ́ta tí ẹ̀yìn wọn le. Monster Manual, tó dá lórí àwọn abàmì ẹ̀dá, ló ṣáájú ní 1977. Players Handbook, ìwé òṣèré, dé ní 1978, nígbà tí Dungeon Masters Guide, ìwé apàlọ́, dé ní 1979. Láti ìgbà náà títí di òní olónìí, ìwé mẹ́ta yìí ni òpó tó gbé ilé náà dúró. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún eré náà ṣe, àwọn ni wọ́n máa ń tún kọ́kọ́ kọ.

Ní 1984, TSR mú irú ìwé mìíràn wá. Margaret Weis àti Tracy Hickman kọ Dragons of Autumn Twilight, ìwé ìtàn àròsọ tó dá lórí ayé tí wọ́n pè ní Dragonlance. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan dáìsì rí lè di olólùfẹ́ eré náà nípasẹ̀ ìwé kíkà nìkan. R. A. Salvatore tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú The Crystal Shard ní 1988, ìwé tí akọni kan tó ń jẹ́ Drizzt ti kọ́kọ́ fara hàn.

Ó yẹ ká fi kún un pé ọ̀rọ̀ ìsìn dá sí i láàrin ọdún 1980 sí 1989. Àwọn kan lára àwọn onígbàgbọ́ ní Amẹ́ríkà pariwo pé awo òkùnkùn ni eré náà, pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní idán. Nígbà tí ẹ̀dà kejì jáde ní 1989, TSR yọ orúkọ àwọn ẹ̀mí àìmọ́ kúrò nínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá wọn padà pẹ̀lú orúkọ àdábọwọ́, baatezu àti tanar'ri. Eré ìtàn ni Dungeons & Dragons, kò sí ètùtù kankan nínú rẹ̀, ọfọ̀ tó wà nínú ìwé náà kò sì yàtọ̀ sí ti inú àlọ́.

ÀṢEJÙ, BABA ÀṢETẸ́

Ohun tó gbé TSR ga náà ló padà wá gbé e ṣubú. Láti 1989 títí di 1995, ayé ìtàn tí wọ́n ṣẹ̀dá kò lóǹkà. Spelljammer dé ní 1989, Ravenloft ní 1990, Dark Sun ní 1991, Al-Qadim ní 1992, Planescape ní 1994, Birthright ní 1995. Ayé kọ̀ọ̀kan ní àwòrán ilẹ̀ tirẹ̀, ìwé ìtàn tirẹ̀, ìwé àwọn abàmì ẹ̀dá tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dára débi pé àwọn àgbà eré ṣì ń wá wọn kiri.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà lójú ọlọ́jà. Ẹni tó ń ṣe eré nínú aṣálẹ̀ Dark Sun kò ní ohun tó fẹ́ fi ìwé Planescape ṣe. Ẹni tó sì wà ní Ravenloft kò ní ra Al-Qadim. Iye àwọn oníbàárà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, àmọ́ ilé-iṣẹ́ náà ń pín wọn sí wẹ́wẹ́. Owó tí wọ́n ń ná láti kọ ìwé kan, láti ya àwòrán rẹ̀ àti láti tẹ̀ ẹ́ kò dín kù, nígbà tí àwọn tó ń ra ìwé kọ̀ọ̀kan ń dín kù.

Ètò tí TSR ní pẹ̀lú Random House, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń bá wọn kó ìwé lọ sí ilé ìtàwé, tún dá kún ìṣòro náà. Bí TSR bá ti kó ìwé ránṣẹ́ ni owó ti ń wọlé, kó tó di pé ẹnikẹ́ni rà á. Ṣùgbọ́n ìwé tí kò bá tà, wọ́n lè dá a padà, kí TSR sì san owó rẹ̀. Ní 1996, ìwé tí wọ́n dá padà pọ̀ ju agbára ilé-iṣẹ́ náà lọ. Gbèsè tí wọ́n jẹ ẹni tó ń bá wọn tẹ̀wé kò sì jẹ́ kí wọ́n lè tẹ òmíràn. Ní 1997, Wizards of the Coast, ilé-iṣẹ́ tí owó ti wọlé fún nípasẹ̀ eré onípáálí kan tó ń jẹ́ Magic: The Gathering, ra TSR pátápátá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1999, Hasbro tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ra Wizards náà.

Ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn tó ń tà á lẹ́yìn náà kò gbàgbé. Nígbà tí ẹ̀dà karùn-ún jáde ní 2014, ìwé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé jáde lọ́dún. Wọ́n sì sapá kí ìwé kọ̀ọ̀kan lè wúlò fún ẹnikẹ́ni, ayé ìtàn yòówù tí ì báà wà.

ÒPÓ MẸ́TA TUNTUN

Fún àjọyọ̀ 50 ọdún, wọ́n tún òpó mẹ́ta náà kọ. Player's Handbook tuntun jáde ní oṣù kẹsàn-án 2024. Ojú ewé 384 ni, 49.99 dọ́là ni wọ́n sì dá lé e. Oríṣi ẹ̀dá-ìtàn 12 ló wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pín sí ẹ̀ka mẹ́rin. Dungeon Master's Guide tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Monster Manual sì dé ní oṣù kejì 2025 pẹ̀lú abàmì ẹ̀dá tó lé ní 500.

Ẹni tó fẹ́ jẹ́ òṣèré lásán kò nílò ju ọ̀kan àkọ́kọ́ lọ. Apàlọ́ ni yóò nílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun mìíràn tó wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń tà á kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo ni pé òfin ìpìlẹ̀ eré náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni lè kà á kí ó sì bẹ̀rẹ̀ eré láìná kọ́bọ̀, bí ó bá ti ní dáìsì àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta. Àwọn tó sì ti ra ìwé ẹ̀dà 2014 kò pàdánù owó wọn, nítorí pé wọ́n ṣe òfin tuntun náà lọ́nà tí àwọn ìwé àtijọ́ yóò ṣì fi bá a rìn.

ALÁBÀÁRÌN FÚN ORÍ TÁBÌLÌ

Lẹ́yìn òpó mẹ́ta ni alábàárìn tòótọ́ bẹ̀rẹ̀. Irú mẹ́ta ni wọ́n.

Irú kìíní ni èyí tó ń fi kún òfin. Xanathar's Guide to Everything, tó jáde ní 2017, àti Tasha's Cauldron of Everything, tó jáde ní 2020, ni gbajúmọ̀ nínú wọn. Wọ́n fi ẹ̀ka tuntun kún oríṣi ẹ̀dá-ìtàn, wọ́n sì mú ọfọ̀ tuntun wá. Díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú wọn ti wọ inú ìwé 2024, nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ rà wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìwé tuntun wò.

Irú kejì ni ìwé ayé ìtàn. Èyí tó lókìkí jù ni Forgotten Realms, tí ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan tó ń jẹ́ Ed Greenwood ti ń ro nínú láti kékeré, tí TSR sì tẹ̀ jáde ní 1987. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìwé tuntun méjì jáde lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: Heroes of Faerûn fún àwọn òṣèré, àti Adventures in Faerûn fún apàlọ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni Eberron: Forge of the Artificer dé. Keith Baker ló ṣẹ̀dá ayé Eberron, òun ló sì gbégbá orókè nínú ìdíje tí Wizards ṣe ní 2002, nínú èyí tí àbá tí wọ́n gbà lé ní 10,000.

Irú kẹta ni ìwé ìrìnàjò, èyí tó ti to ìtàn sílẹ̀ fún apàlọ́ tí kò ní àyè láti ro tirẹ̀. Dragon Delves, tó jáde ní 2025, kó ìtàn kéékèèké mẹ́wàá jọ, dírágónì sì wà nínú gbogbo wọn. Irú èyí ló dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàlọ́, nítorí pé alẹ́ kan tàbí méjì ló máa ń gbà láti parí ìtàn kọ̀ọ̀kan.

ALÁBÀÁRÌN FÚN PẸPẸ ÌWÉ

Àwọn tí a ó dárúkọ báyìí kò ní òfin eré nínú. Ẹni tí kò bá ní wọn kò pàdánù ohunkóhun lórí tábìlì. Síbẹ̀, àwọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rà fún ọ̀rẹ́ wọn ní ọjọ́ ìbí, wọ́n sì dára lọ́nà tiwọn.

Dungeons & Dragons Art & Arcana ló ṣíwájú ní 2018. Michael Witwer, Kyle Newman, Jon Peterson àti Sam Witwer ló kọ ọ́. Ìtàn eré náà ni wọ́n fi àwòrán sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ìgbà tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ̀wé yà dáadáa ló ń ya àwòrán náà títí dé ìgbà àwọn ayàwòrán ńlá. Ìwé náà wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún àmì-ẹ̀yẹ Hugo ní 2019. Lore & Legends, tó jáde ní 2023, ni àbúrò rẹ̀. Ìtàn ẹ̀dà karùn-ún nìkan ni ó dá lé lórí.

Heroes' Feast, ìwé oúnjẹ, dé ní 2020. Oúnjẹ 80 ni wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sè nínú rẹ̀, wọ́n sì pín wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà inú ìtàn: oúnjẹ èèyàn, oúnjẹ elf, oúnjẹ aràrá àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ojúlówó oúnjẹ ni, orúkọ wọn nìkan ni wọ́n yí padà. Ó tà débi pé wọ́n ṣe èkejì rẹ̀, Flavors of the Multiverse, ní 2023.

Fún àwọn ọmọdé, ọ̀wọ́ Young Adventurer's Guide ni kí ẹ wá. Jim Zub ló ṣáájú nínú kíkọ wọn, àwọn àkọ́kọ́ sì jáde ní 2019. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, àwòrán wọn pọ̀, kò sì sí ìṣirò nínú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sí méjìlá lè kà wọ́n fúnra rẹ̀. Fún àgbàlagbà tó kan fẹ́ mọ àwọn ayé ìtàn náà láìṣe eré, Worlds & Realms tí Adam Lee kọ ní 2024 yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Èyí tó wọ́n jù ni The Making of Original Dungeons & Dragons: 1970–1977, tó jáde ní oṣù kẹfà 2024. Ojú ewé 576 ni, 99.99 dọ́là ni wọ́n sì ń tà á. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ẹwà lọ: àwọn lẹ́tà, àti ìwé tí Gygax kọ ní 1973 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ìwé yìí dá awuyewuye sílẹ̀ láàrin àwọn olólùfẹ́ eré náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ kò fi bò pé àwọn ìwé àkọ́kọ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú obìnrin, tí wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ ẹrú bí ohun tí kò tó nǹkan. Àwọn kan ní àbùkù ni wọ́n fi kan àwọn baba ńlá eré náà. Àwọn mìíràn ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àti pé ẹni tó bá ń kọ ìtàn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe rí.

TA LÓ NI ÌTÀN?

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé wa dé ibi tó kan àwa náà. Ní 1980, TSR tẹ Deities & Demigods jáde, ìwé tó kó òòṣà ayé jọ. Òòṣà Íjíbítì wà níbẹ̀, ti Gíríìsì wà níbẹ̀, ti Ṣáínà, ti Íńdíà, ti Japan, títí kan ti ilẹ̀ Finland. Láti gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, kò sí ẹyọ kan. Nígbà tí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú bá sì wọ inú eré náà, bíi Chult tó wà nínú Tomb of Annihilation ní 2017, igbó kìjikìji, òkú tó ń rìn àti ẹranko ayé àtijọ́ ló máa ń kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé bu ẹnu àtẹ́ lu irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ní 2022, Journeys Through the Radiant Citadel jáde, lábẹ́ àbójútó Ajit A. George àti F. Wesley Schneider. Ìtàn 13 ló wà nínú rẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí kì í ṣe òyìnbó ló kọ gbogbo wọn, kálukú sì mú un láti inú àṣà tirẹ̀. Erin Roberts, fún àpẹẹrẹ, kọ ìtàn ilẹ̀ kan tó pè ní Godsbreath láti inú ìgbésí ayé àwọn aláwọ̀ dúdú gúúsù Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n kí èyí tó ṣẹlẹ̀ rárá, ilẹ̀kùn mìíràn ti ṣí. Ní 2000, nígbà tí ẹ̀dà kẹta jáde, Wizards fi ìwé àṣẹ kan síta tí wọ́n ń pè ní Open Game License. Ìwé àṣẹ yìí fún ẹnikẹ́ni láyè láti lo òfin ìpìlẹ̀ eré náà kọ ìwé tirẹ̀ kó sì tà á. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni Chris Dolunt fi kọ Nyambe: African Adventures, tí Atlas Games tẹ̀ jáde ní 2002. Ayé àròsọ tó dá lórí Áfíríkà ni, òrìṣà gan-an ni wọ́n sì pe àwọn alágbára tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń bọ. Báyìí ni ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣe wọ inú eré yìí, láti ọwọ́ ẹni tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ni ín.

Ẹni tó lẹrú ló lẹrù, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, ó hàn síta pé Wizards fẹ́ pa ìwé àṣẹ àtijọ́ náà rẹ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ yóò máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ọjà wọn bá ju 750,000 dọ́là lọ lọ́dún. Ariwo sọ. Àwọn tó ti fi ogún ọdún kọ ìwé alábàárìn rí i pé oúnjẹ òòjọ́ àwọn wà nínú ewu. Àwọn olólùfẹ́ eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé owó tí wọ́n ń san fún D&D Beyond, ojúlé eré náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí oṣù náà tó parí, Wizards yí ọkàn padà. Wọ́n fi ìwé àṣẹ àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n sì tún gbé òfin ìpìlẹ̀ náà sábẹ́ àṣẹ Creative Commons, èyí tí kò ṣeé gbà padà mọ́. Ní 2025, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún òfin ìpìlẹ̀ ẹ̀dà tuntun náà pẹ̀lú.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé kan ní Ìbàdàn, ní Kútọnú tàbí ní London lè lo òfin yẹn láti kọ ìwé ìrìnàjò ní èdè Yorùbá, kó sì tà á láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n béèrè kò ju pé kó sọ ibi tó ti rí òfin náà. Kò gbọ́dọ̀ lo orúkọ Forgotten Realms tàbí ayé ìtàn mìíràn tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà. Àmọ́ kí ni onítọ̀hún fẹ́ fi wọ́n ṣe, nígbà tí iwin, ọ̀rọ̀, egbére àti ẹbọra kún inú àlọ́ tiwa fọ́fọ́?

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÓ FẸ́ RÀ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àtẹ ọlọ́jà dẹ́rù bà yín. Bí ẹ kò bá tíì ṣe eré náà rí, ẹ kọ́kọ́ ka òfin ọ̀fẹ́, kí ẹ fi ṣe ìtàn kan tàbí méjì. Bí ó bá dùn mọ́ yín, Player's Handbook 2024 ni kí ẹ rà. Ẹnì kan péré nínú ẹgbẹ́ ni yóò ra ìwé apàlọ́ àti ìwé abàmì ẹ̀dá, a sì lè dá owó rẹ̀ jọ.

Ìwé ìrìnàjò ló yẹ kó tẹ̀ lé e, nítorí pé òun ni yóò mú kí ẹ máa pàdé. Ìwé àfikún òfin lè dúró di ìgbà tí ẹ bá ti mọ ohun tó ń wù yín. Ìwé ayé ìtàn, ẹyọ kan ṣoṣo tó bá bá ìtàn yín mu ti tó. Ẹ rántí TSR: ilé-iṣẹ́ tó ń tà wọ́n gan-an kò rí ayé mẹ́fà gbé, áḿbọ̀sìbọ́sí ẹni tó ń fi owó oṣù rà á.

Ní ti àwọn ìwé àwòrán àti ìwé oúnjẹ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ ẹ̀bùn. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà fún ọmọ, ọ̀wọ́ Young Adventurer's Guide ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó sì jókòó ti ọmọ náà kà á. Bí wọ́n bá ti kà á tán, kí wọ́n pa ìwé dé, kí òbí wá bèèrè lọ́wọ́ ọmọ pé: o dé ẹnu ọ̀nà igbó kan, iwin kan dúró síbẹ̀, kí ni wàá ṣe? Eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.